Àdúrà Hánà
Àdúrà Hánà ni ẹ̀bẹ̀ ọmọ tí Hánà, ìyàwó Elkánà, bẹ Ọlọ́run ní Ṣílò, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní ṣe ròyìn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde, àlùfáà Élì sì rò pé ó ti mutí yó. Nínú ìwé Berakhot ti Talmud ti Bábílónì, àkójọ òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn Júù, Rábì Hamnuna fa òfin àdúrà yọ láti inú ìṣe obìnrin yìí: kí ọkàn ẹni wà nínú àdúrà, kí ètè pe ọ̀rọ̀, kí a má gbóhùn sókè, kí ẹni tó mutí yó má gbàdúrà. Ìwé Megillah nínú Talmud kan náà ka Hánà mọ́ wòlíì obìnrin 7. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n ń kà ní sínágọ́gù ní ọjọ́ kìíní Rosh Hashanah, ọdún tuntun àwọn Júù.