Ojú Ńlá tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú Rí

Bí a bá sọ̀rọ̀ ìpè àpọ́sítélì, ojú ọ̀nà Dámásíkù ni ọkàn ọ̀pọ̀ Kristẹni máa ń sáré lọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti gbé Sọ́ọ̀lù ará Tásù ṣubú. N kò ní kí ẹ̀yin òǹkàwé mi má lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bá mi yà sí Ògèrè Rẹ́mọ, tí kò jìnnà sí Ìpara níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ Ògèrè ni Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú, ẹni tí ó dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ ní ọdún 1930. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ọkùnrin náà yí padà kúrò nínú rẹ̀?

Ìdáhùn tí ó máa ń yá ẹnu wa ni pé ó kúrò nínú òrìṣà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì mọ̀wé. Ẹ̀sìn àbáláyé ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n bí i, nígbà tí ayé ti yí. Ìjẹ̀bú tí kò gba míṣọ́nárì láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ṣubú sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1892, lẹ́yìn ogun Ìmagbọ̀n, ìgbàgbọ́ àti ilé-ìwé sì ya wọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bí omi tí ó já ògiri. Ilé-ìwé ni Ọ̀ṣítẹ̀lú ti di Kristẹni, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Josiah. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olùkọ́ àti olùkọ́-ìjọ lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú ọ̀nà Dámásíkù ni Sọ́ọ̀lù ti di Pọ́ọ̀lù. Kò sí nínú Ìwé Mímọ́ bẹ́ẹ̀. Orí kẹsàn-án ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni ìmọ́lẹ̀ náà wà. Títí dé orí kẹtàlá, Sọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣì ń pè é, kí òǹkọ̀wé náà tó sọ fún wa, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, pé ó tún ń jẹ́ Pọ́ọ̀lù. Orúkọ méjì ni ó ní, ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti òde, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Rẹ́mọ ṣe ń jẹ́ Josiah ní ilé-ìwé tí ìyá rẹ̀ sì ń pè é ní ohun mìíràn nídìí ààrò. Pọ́ọ̀lù pàápàá kò kúrò nínú ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run mìíràn. Ọlọ́run tí ó ti ń sìn tẹ́lẹ̀ ni ó pè é. Bákan náà ni ti Ọ̀ṣítẹ̀lú.

Ní òru ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1925, ó rí ojú kan. Ojú ńlá ni, ó rí roboto, ó ń tàn bí oòrùn. Ẹ̀rù bà á. Ìran àti àlá mìíràn tẹ̀ lé e, ó sì gbà pé àwọn àjẹ́ ni ó ń bá òun jà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́-ìjọ ìgbà náà ni ì bá gbà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní sọ ọ́ lórí àga ìwàásù.

Níhìn-ín ni mo rò pé ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀ gan-an, kì í ṣe ní òru ọjọ́ náà. Ó tọ àgbàlagbà aládùúrà kan lọ. Àgbà náà túmọ̀ rẹ̀ fún un: kì í ṣe àjẹ́, Ọlọ́run ni ó ń dán an wò, tí ó sì ń pè é. Kí ó kó oògùn dànù. Kí ó gbààwẹ̀, kí ó gbàdúrà, kí ó máa ka Sáàmù. Ohun kan náà tí ó jẹ́ àrùn ní àná di ìpè ní òní, láìjẹ́ pé ojú náà yí padà. Ìtumọ̀ ni ó yí. Ohun tí Ọ̀ṣítẹ̀lú sì kúrò nínú rẹ̀ ni ètò tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ìgbà náà ń bá gbé láìwí: Ìwé Mímọ́ lórí tábìlì, àdó oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí.

Iṣẹ́ ni ó fi dí i. Ìjọ dá a dúró ní ọdún 1926. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí: ọmọ àgbẹ̀ tí ìwé gbé dé ipò olùkọ́, tí gbogbo ẹbí ń wò, tí ó wá padà sílé láìníṣẹ́, tí ó ń gbààwẹ̀, tí ó sì ń sọ pé òun ń gbọ́ ohùn. Bí ọdún mẹ́ta ni ó fi wà bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní gbangba ní Ògèrè ní oṣù kẹfà ọdún 1929.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìtàn yìí ń gba àfiyèsí mi. *Gbàgbọ́*: gbà àti gbọ́. Etí ni ọ̀rọ̀ yẹn gbára lé. Ní ọdún 1925, Ọ̀ṣítẹ̀lú ti gbọ́, ó sì ti gbà tipẹ́. Ojú ni ó kù. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni *àpọ́sítélì*, ẹni tí a rán, láti inú èdè Gíríìkì. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní *ìránṣẹ́* tàbí *òjíṣẹ́*, ṣùgbọ́n àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fi ọ̀rọ̀ àjèjì náà sílẹ̀ bí ó ṣe rí. *Àdúrà* àti *wòlíì* ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni méjèèjì, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n mú wọn wọ ilẹ̀ wa kí míṣọ́nárì tó dé. Nítorí náà, orúkọ tí a ń pe àwọn Kristẹni tí wọ́n jáde kúrò ní ìjọ òyìnbó, aládùúrà, ọ̀dọ̀ ìmàle ni ó ti wá. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀.

Ọ̀ṣítẹ̀lú kò sì dúró lórí ọ̀rọ̀ tí ó bá nílẹ̀. Ó kọ àwọn ìran rẹ̀ sínú ìwé, iye wọn lé ní 10,000, ó sì fi àwọn orúkọ mímọ́ kún un, orúkọ tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Hébérù, àti ọ̀nà ìkọ̀wé kan tí ó ní a fi hàn òun. Èyí wà lára ohun tí ó yà á nípa kúrò lọ́dọ̀ àwọn aládùúrà yòókù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1931, òun àti àwọn aṣáájú Faith Tabernacle, Odubanjo, Akinyele àti Joseph Babalola tí ìsọjí Iléṣà ti sọ di olókìkí ní ọdún 1930, jọ jókòó. Wọ́n bi í léèrè nípa àwọn orúkọ àjèjì náà, nípa fífi ọwọ́ tọ́ka sí àjẹ́, àti nípa ìkóbìnrinjọ. Wọn kò rẹ́.

Àwọn kan ń pe àwọn orúkọ náà ní wótòwótò. N kò gbà. Ẹni tí ó bá ti tẹ́tí sí ọfọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni lè jẹ́ èyí tí ó wúwo jù nínú rẹ̀. Lójú tèmi, Odubanjo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fura sí ohun tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: oògùn ti lọ, ṣùgbọ́n agbára ohùn ṣì wà. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú ìyẹn, wọ́n rí i.

Ọ̀nà tirẹ̀ ni ó bá lọ. Ní ọdún 1947 ìjọ rẹ̀ dé Sierra Leone àti Liberia. Ní Freetown ni ọ̀mọ̀wé Harold Turner ti pàdé wọn ní ọdún 1957, ohun tí ó rí sì di ìwé ńlá alápá méjì ní ọdún 1967. Ọ̀ṣítẹ̀lú kò rí ìwé náà. Ó ti kú ní oṣù keje ọdún 1966. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣì ń gun òkè Tábórà ní Ògèrè ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1937, àwọn ọkọ̀ wọn a sì dí ọ̀nà mọ́ àwa tí à ń bọ̀ láti Ìpara.