Ọyẹ́ ní Ìfọ̀, àti Aṣọ Tí A Fi Ń Pàdé Rẹ̀

Àwọn ìwé kíkà tí a gbà lọ́wọ́ òyìnbó a máa sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa ìgbà òtútù ní Ìlú Ọba, nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀, tí igi sì wà láìní ewé kan lórí. Nígbà tí ọmọ bá ti kà á tán, ó lè rò pé òtútù jẹ́ ohun tí kò kan ilẹ̀ wa rárá, àti pé àwọn baba wa kò ní ìdí kankan láti ronú nípa bí ènìyàn ti í dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Àwa pẹ̀lú ní ìgbà òtútù tiwa, ọyẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kí ojú irin tó kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni àwọn ìyá àti baba wa ti ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé, nínú ọgbọ́n wọn, ìtura ara àti ẹwà kò yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Aṣọ kan náà tí ó ń dá òtútù dúró ni ó ń sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́.

Ìlú Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Kò jìnnà púpọ̀ sí òkun, nítorí náà ọyẹ́ ibẹ̀ kò le tó ti Kánò tàbí ti Sókótó. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù November bá ń lọ sópin, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà. A kó erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú láti ilẹ̀ gbígbẹ tí ó wà ní ìhà àríwá Ṣáàdì, a gbé e kọjá ilẹ̀ Haúsá, a sì mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù December àti January, kùrukùru a bo ojú ọ̀run, oòrùn a pọ́n bí epo, ètè a bẹ́, gìgísẹ̀ a là, ewé gbígbẹ a sì máa dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń lọ sí oko.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan nípa ọyẹ́, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Òtútù Ìlú Ọba a máa wà lọ́sàn-án, a máa wà lóru, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n òtútù ọyẹ́ a máa mú ni ní òru àti ní ìdájí. Nígbà tí oòrùn bá sì gòkè tán, ooru a dé. Ẹni tí ó ń gbọ̀n ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ lè máa làágùn ní agogo méjì ọ̀sán. Nítorí náà aṣọ tí ó yẹ fún ọyẹ́ ni aṣọ tí ó lè dá òtútù dúró ní òwúrọ̀, tí kò sì ní di ẹrù lọ́rùn ènìyàn ní ọ̀sán.

Bí a bá wo aṣọ àwọn àgbà wa fínnífínní, a ó rí i pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Agbádá fẹ̀, apá rẹ̀ sì gùn. Ní ìdájí, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè jẹ́ kí apá rẹ̀ wálẹ̀ bo ọwọ́, kí ó sì kó ara jọ sínú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, a ká apá náà lé èjìká, afẹ́fẹ́ a sì ráyè kọjá. Fìlà abetí-ajá ní etí méjì tí ó ṣe ṣóṣóró. Bí òtútù bá mú, a fà wọ́n wálẹ̀ bo etí ẹni. Bí ó bá lọ, a dá wọn sókè, wọ́n a sì di ẹ̀ṣọ́. Àwọn obìnrin ní aṣọ ìbora tí wọ́n ń dà bo èjìká. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n a fi ọ̀já dì í mọ́ ẹ̀yìn, a sì da ìbora bo àwọn méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ń mú ọmọ móoru, tí ọmọ náà sì ń mú ìyá móoru.

Oríṣi aṣọ híhun méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkíní ni èyí tí àwọn ọkùnrin ń hun lórí òfì, tínrín-tínrín bí ọ̀já, tí a ó wá rán wọn pọ̀ di odidi aṣọ. Èkejì ni kíjìpá, èyí tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé lórí òfì tí a gbé dúró, tí ó fẹ̀ tí ó sì nípọn. Àwọn àgbà ní, kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà. Àgbà tí kò bá ní òfì, kí ó rọra ra kíjìpá. Wọ́n pè é ní aṣọ ọ̀lẹ nítorí pé kì í tètè gbó. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan kò ní láti máa sáré ra òmíràn. Nínú òwe yìí, ẹ̀gàn kò tó ìmọ̀ràn: ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká aṣọ iyebíye kò gbọdọ̀ jókòó sínú òtútù nítorí ìtìjú.

Ti òfì ní ọlá mẹ́ta. Sányán ni a ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, a sì máa ń pè é ní baba aṣọ. Ẹtù ni a ń pa láró títí yóò fi dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Àlàárì sì ni aṣọ pupa, tí a ń fi òwú sẹ́dà hun. Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò ni ó ń kó òwú náà la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí dé ọjà wa. Òrí tí a fi ń pa ara tí kò fi ní hun, òun náà láti ìhà àríwá ni, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi rẹ̀ ń hù sí. Ẹ wò ó bí ìhà kan náà tí ọyẹ́ ti ń wá ti ń fi ohun tí a ó fi kojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa!

Kì í ṣe aṣọ nìkan ni ó ń tu ènìyàn lára. Ìgbà ẹ̀rùn yìí ni òwú ń là nínú oko. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ará ilé a kó ara jọ yí iná ká láti yáná. Ẹ̀kọ gbígbóná a wà nítòsí. Àwọn ìyá àgbà a máa ran òwú. Ẹni tí ó mọ àlọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí pa á, àwọn ọmọdé a sì máa gbè é. Báyìí ni òtútù ṣe kó àgbà àti ọmọdé jọ sí ibi kan. Ọwọ́ ń ṣe òwú tí yóò di aṣọ, ẹnu sì ń fi ọgbọ́n lé ọmọ lọ́wọ́. Bí a bá ń béèrè ibi tí ìmísí àwọn tí ń sọ̀tàn àti àwọn tí ń hun aṣọ ti wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ìdí iná yìí.

Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, ọ̀nà tuntun ṣí. Láti nǹkan bí ọdún 1850 lọ ni a ti ń kó òwú láti Abẹ́òkúta lọ sí Manchester, tí aṣọ funfun láti Manchester sì ń padà wá sí ọjà wa. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Iddo ní Èkó. Ó gba Ìfọ̀ kọjá, ó dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù March ọdún 1901. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka kan yà láti Ìfọ̀ lọ sí ìhà Ìlaròó. Báyìí ni Ìfọ̀ ṣe di oríta. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, kóòtù àti fìlà òyìnbó sì ń bá ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kò fi ọwọ́ lẹ́rán wo aṣọ funfun náà. Wọ́n fi ìko dì í, wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí i lára, wọ́n rì í sínú aró ẹ̀lú, ó sì di àdìrẹ. Olúkúlùkù aláró ní ọwọ́ tirẹ̀, àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà sì ń wá ra á. Ṣùgbọ́n ìkánjú wọ iṣẹ́ náà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ́sítíìkì sódà dípò omi eérú, wọ́n sì ń lo aró oníhóró tí ó ti òkè òkun wá dípò ẹ̀lú. Àríyànjiyàn dìde lórí pé aṣọ kò lágbára mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀ràn náà dé iwájú Aláké Adémọ́lá Kejì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, a sì yan àwọn olùwádìí lé e lórí ní ọdún 1936. A kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: ohun tí ó mú kí aṣọ jẹ́ tiwa ni sùúrù tí a fi ṣe é, kì í ṣe ibi tí owú rẹ̀ ti wá.

Ní Èkó, ìjà mìíràn ti ń lọ. Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún náà, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ń wọ kóòtù dúdú tí ó nípọn lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá Ìlú Ọba ń ṣe. Mojola Agbebi, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, kọ̀ láti bá wọn ṣe é. David Brown Vincent ni a ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1894 ó gba orúkọ Yorùbá, ó sì fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Àríyànjiyàn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀: òtútù ibòmíràn ni a rán kóòtù náà fún.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ bá òtútù náà nílé rẹ̀ ńkọ́? Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1922 láti kọ́ nípa òfin. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, sílẹ̀ ní London ní ọdún 1925. Kò sí ẹni tí ó lè fi agbádá nìkan la ìgbà òtútù London já. Kóòtù di ọ̀ranyàn níbẹ̀. Síbẹ̀ àwòrán Solanke nínú aṣọ Yorùbá wà títí di òní. Òtútù mìíràn sì wà tí kóòtù kò lè dá dúró: ọ̀pọ̀ onílé ní London ni kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Nítorí náà Solanke rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1929 sí 1932 láti kó owó jọ, a sì ṣí ilé ẹgbẹ́ náà ní Camden Road ní ọdún 1933. Ìyàwó rẹ̀, Opeolu, ń se oúnjẹ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, títí wọ́n fi ń pè é ní Màmá WASU. Ìdí iná àwọn baba wa ni ó tún fi ara hàn nínú yìnyín London yẹn.

Funmilayo Ransome-Kuti pẹ̀lú mọ òtútù náà. Ọdún 1919 ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Cheshire, ó sì ti parí ní 1922. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń ṣe olórí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 1940, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀, kí ìyá ọlọ́jà tí ó bá tọ̀ ọ́ wá má baà rí i bí àlejò.

Kí ni a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí kò bẹ̀rù ohun àjèjì. Alaró gba aṣọ Manchester, Solanke gba kóòtù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba nǹkan, wọ́n bi ara wọn léèrè pé: irú òtútù wo ni èyí, àti pé kí ni yóò kù nínú mi nígbà tí ara mi bá móoru tán? Ẹni tí kò bá béèrè èkíní yóò gbọ̀n. Ẹni tí kò bá béèrè èkejì lè móoru kí ó sì sọnù.

Lónìí, bí ọyẹ́ bá dé Ìfọ̀, súwẹ́tà àti aṣọ òkìríkà pọ̀ lára àwọn ọmọ ilé-ìwé ní òwúrọ̀. A kò bá wọn wí. Ohun tí ó bo ọmọ nínú òtútù dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí ni ìtàn wa. Nínú àpótí ìyá àgbà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀là kíjìpá kan tàbí àdìrẹ tí ó ti ṣá ṣì wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ rán àwọn ọmọ lọ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó hun ún, àti ohun tí a fi pa á láró, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ sínú ìwé wọn. Ọyẹ́ yóò máa padà wá lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn kì yóò sí pẹ̀lú wa títí láé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a tètè wo inú ilé.