Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ fún Agbègbè Èjìgbò

Ìbéèrè kan ti pẹ́ nílẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ìṣègùn: bí oògùn bá mú kí ìfúnpá wálẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bu ọ̀rá kún ẹ̀jẹ̀, ǹjẹ́ èrè rẹ̀ kò ní bá òfò lọ? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn ti dáhùn: ohun tí oògùn ṣe fún ẹ̀mí aláìsàn ni òṣùwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe iye ọ̀rá nìkan.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fi ń wo wèrè, tí Raymond Prince sì kọ̀wé lé lórí ní 1960, ní èròjà reserpine nínú. Ilé-iṣẹ́ Ciba ní Basel ni ó kọ́kọ́ yọ èròjà yìí, ní 1952, láti ara ìbátan igi náà tí ń hù ní Íńdíà. Ó di ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìfúnpá àkọ́kọ́ tí ó kárí ayé. Chlorothiazide, tí ń mú kí iyọ̀ àti omi bá ìtọ̀ jáde, tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1958. Propranolol, tí ń dẹ ìlù ọkàn, dé ní àárín ọdún 1960 sí 1969.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn oògùn méjèèjì yìí ń kan ọ̀rá. Èyí tí ń mú ni tọ̀ máa ń fi díẹ̀ kún cholesterol. Propranolol máa ń fi kún triglyceride, ó sì ń dín HDL, tí ń kó ọ̀rá kúrò lára iṣan, kù. Doxazosin ní tirẹ̀ ń dín cholesterol kù. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe retí pé yóò borí.

Ìwádìí ALLHAT, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994, já ìrètí yìí kulẹ̀. Àwọn tí ó kópa lé ní 42,000, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 2000 ni wọ́n dá apá ti doxazosin dúró, nítorí pé àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí ń lo chlorthalidone. Ní 2002, àbájáde fi hàn pé cholesterol àwọn tí ń lo chlorthalidone ga díẹ̀, síbẹ̀ amlodipine àti lisinopril kò borí rẹ̀ ní dídènà ikú tí àrùn iṣan ọkàn ń fà tàbí ìkọlù ọkàn tí kò pani.

Kí ni èyí já mọ́ fún Èjìgbò, ìlú Ògìyán, òrìṣà tí a mọ̀ mọ́ iyán? Ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Indianapolis ní 1992 fi hàn pé cholesterol àwọn Yorùbá Ìbàdàn kéré sí ti aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Díẹ̀ tí oògùn bù kún ohun tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí ó bù kún ohun tí ó ti kún. Ṣùgbọ́n ọmọ Èjìgbò tí ó ti tẹ̀dó sí Abidjan, tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ ti yí padà nílé, kò lè gbára lé èyí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó dúró.

Ní 2019, ìwádìí CREOLE, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà tí ó ti wáyé, fi hàn pé oògùn méjì tí amlodipine bá wà nínú wọn ń mú ìfúnpá aláwọ̀ dúdú wálẹ̀ ju àpapọ̀ perindopril àti oògùn tí ń mú ni tọ̀ lọ. Ọ̀nà àbáyọ kò wọ́n. Ẹni tí ó bá torí ìbẹ̀rù ọ̀rá da oògùn nù láìbi dókítà, rọpárọsẹ̀ ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún.