Amánà Ni Ọ̀sà

Bí a bá ń pìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó, ààfin, oyè àti ogun ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Lónìí, iṣẹ́ tó bọ́ ìlú kí oyè tó gbilẹ̀ ni a fẹ́ rán ara wa létí, ìyẹn iṣẹ́ ẹja pípa.

Ìtàn Àwórì sọ pé láti Ìddó ni Arómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin, ti rékọjá omi wá sí erékùṣù Èkó, tó ń pẹja, tó sì dá oko ata. Orí oko ata yẹn ni Ìgà Ìdúngànràn wà títí dòní. Orúkọ rẹ̀ pàápàá fi hàn pé ẹni tó bá omi rẹ́ ni. Òun àti àwọn Ìdẹ́jọ yòókù, olóyè onífìlà funfun, ni onílẹ̀. Àṣẹ wọn sì dé ibi tí wọ́n ti ń pẹja lójú omi.

Ọ̀sà wa kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe odò lásán. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, Odò Ògùn a tú omi sínú rẹ̀, iyọ̀ a dín, ẹja omi dídùn a sì bá a wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, ẹja òkun a tẹ̀ lé e. Apẹja tó mọṣẹ́ a mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ ìgèrè àti ìgbà tó yẹ kó ju àwọ̀n. Ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, edé àti akàn ni èrè rẹ̀. Àlùkùránì náà, nínú Súrátùl Máídà, ẹsẹ 96, sọ ẹran omi di ẹ̀tọ́ fún wa.

Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Apápá. Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, kò gbà. Òun àti Herbert Macaulay lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, wọ́n sì jàre ní July 1921. Àwọn adájọ́ sọ pé gbogbo ẹbí àti ará ìlú ló nilẹ̀, alábòójútó ni olóyè. Ohun tí àwa Mùsùlùmí ń pè ní amánà gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Omi kò rí ẹni bá a rojọ́. Nígbà Gómìnà William MacGregor, láàárín 1899 sí 1904, wọ́n ń di irà Èkó nítorí ibà, iṣẹ́ rere sì ni. Lẹ́yìn náà, àìsàn kọ́ ló mú kí wọ́n máa fi yanrìn di omi mọ́, ilé àti ọ̀nà ni. Ní 1984, koríko tó ń léfòó gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé, ó ń dí ọkọ̀ àti àwọ̀n lọ́wọ́. Ìdọ̀tí ìlú náà kò sì yéé ṣàn wọnú ọ̀sà.

Àwọn ará òkè ń pe ẹja yìnyín ní “òkú Èkó”, bí ẹni pé ọ̀sà wa ló bí i. Òkèèrè ni ọkọ̀ ti ń kó o wá sí Apápá kan náà. Àwọn àgbà ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ó ti fẹ́ di tiwa.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amánà, omi náà amánà ni. Kí ẹni tó bá fẹ́ da pàǹtírí sí gọ́tà ní Ìsàlẹ̀ Gángan rántí pé ọ̀sà ni yóò gbà á, Ọlọ́hun ni yóò sì bi wá. Kí Ó má jẹ̀ẹ́ ká jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Àmín.