Ohun tí Àjò Ná Àwọn Ará Wa, láti Kùmásì dé Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́dọọdún ni a máa ń ka ìtàn àwọn ọba wa àti ti ogun tó lé àwọn baba wa kiri nínú irú ìwé báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí a kì í kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì ṣòro láti rí agbo ilé kan ní Fìdítì, ní Ìlọrà, ní Awẹ́ tàbí ní Akínmọ̀ọ́rìn tí kò kàn. Èyí ni ìtàn owó àwọn ará wa tí wọ́n lọ gbé ní òkèèrè: iye tí wọ́n rí, iye tí oúnjẹ àti ibùgbé gbà lọ́wọ́ wọn, àti iye tó ṣẹ́kù nígbà tí agbára kò sí mọ́ tí wọ́n sì fẹ́ padà wálé.

Ohun tó mú mi gbé kálámù ni lẹ́tà kan tí ẹ̀gbọ́n mi kọ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì béèrè pé: "Àbúrò mi, ìwọ tí o wà nílé, èló ni ènìyàn fi ń gbé Ìlọrà báyìí?" Mo mú bébà, mo ṣírò owó ẹ̀fọ́, ìrẹsì, epo, iná mànàmáná àti oògùn. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo rí i pé n kò tíì dá a lóhùn, nítorí ohun tó ń béèrè ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Bàbá mi àgbà ti béèrè irú rẹ̀ rí ní Kùmásì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Kùmásì. Ó pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń lọ ṣòwò ní Gòólù-Kóòsì, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìníṣà ni òkìkí wọn kàn jù, ṣùgbọ́n àwọn tiwa náà bá wọn lọ. Kòkó ló mú owó wọ ilẹ̀ Àṣáńtì. Àwọn ènìyàn wa a máa kó aṣọ, abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ àti oríṣiríṣi wọ́rọ́bọ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní abúlé wọn. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, iye àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, èyí ni 100,000.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà wa kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu kàn bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Gánà, òun náà ni pé owó kan náà ni gbogbo wa ń ná nígbà náà. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan tí ń ṣe owó fún Nàìjíríà, Gòólù-Kóòsì, Sàró àti Gáḿbíà. Ṣílè tí wọ́n ń ná ní Kùmásì ni wọ́n ń ná ní ọjà Ìlọrà, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan tó bá pọ́n-ùn Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ fi £5 ránṣẹ́ sílé kò ní láti bi ẹnikẹ́ni pé èló ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Yóò dì í sí etí aṣọ, yóò fi lé ará ilé tó ń bọ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ yóò gba Lòmé àti Kùtọnù kọjá, iye tó kúrò ní Kùmásì náà ni yóò sì dé Ìlọrà.

Yàrá kan ni bàbá mi àgbà háyà ní Zongo, àdúgbò tí àwọn àlejò pọ̀ sí ní Kùmásì. Ó sọ fún bàbá mi pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun fi gbé inú yàrá náà láìra àga kan ṣoṣo, nítorí pé àga kò ṣeé gbé wálé. Orí àpótí ọjà ló ń jókòó lé. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ilé àti oúnjẹ, Ìlọrà ló ń fi í ránṣẹ́ sí, àwọn àbúrò rẹ̀ sì fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, wọ́n fi páànù bò ó.

Gánà gba òmìnira ní oṣù kẹta 1957. Ní oṣù keje 1958 ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú owó àjọná náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná tirẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Inú wa dùn, ó sì tọ́ kí inú wa dùn, nítorí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ máa ná owó ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ pé ẹnì kan jókòó ti àwọn oníwọ́rọ́bọ́ Kùmásì láti là á yé wọn pé láti ọjọ́ náà lọ, owó tí wọ́n ń kó jọ kì í ṣe owó ilé wọn mọ́. Ní 1961 ìjọba Gánà ṣe òfin tó ká fífi owó ránṣẹ́ sí òkèèrè lọ́wọ́ kò, àfi kí ènìyàn gba àṣẹ. Ní 1965 sídì rọ́pò pọ́n-ùn. Ní 1967 ìjọba tún já iye sídì wálẹ̀. Kò sí èyí tó hàn lójú ọjà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ láti Kùmásì sí Ìlọrà ń di pípa fún owó.

Bàbá mi àgbà ní ọ̀rẹ́ kan, ará ìlú wa kan náà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ yìí rí i pé owó kò ṣeé fi ránṣẹ́ mọ́, ó pinnu láti fi kọ́lé sí Kùmásì, kí ó máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé ní ọjọ́ ogbó. Èrò ọlọ́gbọ́n ni lójú gbogbo ènìyàn, àwọn kan tilẹ̀ ń fi bàbá mi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí àpótí ni yóò kú sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ, kẹ̀kẹ́ ológeere, ìgàn aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú lójú títì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin mìíràn fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Gánà nìkan. Ọ̀rẹ́ bàbá mi àgbà ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ wálé. Ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà ní Ìlọrà títí ó fi kú. Kò rí ilé náà mọ́.

(Kí a má sì máa sọ ti 1969 bí ẹni pé ọwọ́ tiwa mọ́. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Gánà àti àwọn àlejò mìíràn lọ bákan náà, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí dòní.)

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀ pé àjò a máa náni lówó. Ní Nàìjíríà níbí, nígbà tí ogun Hitler sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 1945 fún ohun tó lé ní oṣù kan. Wọ́n ń béèrè àfikún ìdajì lórí owó ọ̀wọ́ngógó, àti ṣílè méjì àti sísì kan ní òòjọ́ fún lébìrà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ Harragin dá a lábàá pé kí àwọn òyìnbó aláṣẹ máa gba owó àjò lé owó oṣù wọn, nítorí pé wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ níbí. Wọ́n ní ilé ìjọba, wọ́n ní ìsinmi tí wọ́n fi ń lọ sílé, wọ́n sì ní owó ìfẹ̀yìntì tí ń dúró dè wọ́n. Kò sí ẹni tó san owó àjò fún oníwọ́rọ́bọ́ tó jókòó lórí àpótí ní Zongo.

Ibi tí èyí tó tẹ̀ lé e lọ ni Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ni púpọ̀ nínú wọn bá lọ, wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi bí Aureol láti Èkó dé Liverpool. Ẹgbẹ́ WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925, ti ní ilé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo wọn. Àwọn tó kù ń kan ilẹ̀kùn kiri. Títí di 1968 tí òfin dí wọn lọ́wọ́, onílé lè kọ ọ́ sí ojú fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú, àwọn tó sì gbà wọ́n a máa bu owó lé e. Inú yàrá tutù. Ẹ̀rọ gáàsì kì í jó bí ènìyàn kò bá ju ṣílè sí i. Bí tọkọtaya bá ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún ń kàwé, wọn kì í lè tọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní Kent àti Sussex, wọ́n ń san owó ìtọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn padà wá bá ìyá wọn, wọn kò gbọ́ Yorùbá. N kò mọ abala ìwé ìṣírò tí ènìyàn yóò kọ èyí sí.

Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ní ohun kan tí Kùmásì kò ní. Láti oṣù keje 1948 ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń san owó adójútòfò ìjọba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò di owó ìfẹ̀yìntì fún un, ì báà ṣe aláwọ̀ dúdú tàbí funfun. Fún ẹni tó bọ́ sábẹ́ ètò tuntun ti 2016, ọdún mẹ́wàá tó san ni kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọdún márùndínlógójì ló sì ń gba ẹ̀kún rẹ̀ ní gbogbogbòò. Ẹ̀gbọ́n mi san tirẹ̀ pé.

Níhìn-ín ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ará wa tó wà ní Ìlú Òyìnbó gbọ́ wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san owó náà fún ẹni tó bá padà sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í fi kún un mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tí àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn nìkan ni àfikún ọdọọdún ń tẹ̀ lé ènìyàn lọ, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Ẹni tó wálé ní 2010 pẹ̀lú ẹ̀kún owó ìfẹ̀yìntì ìpìlẹ̀ ìgbà náà, £97.65 lọ́sẹ̀, iye náà gan-an ló ń gbà tí kò bá kúrò nílé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù gba £176.45 lọ́sẹ̀ láti oṣù kẹrin 2025. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ Yúróòpù, wọ́n sì pàdánù ní 2010. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba fi ń gbé arúgbó tí owó rẹ̀ kéré ró kì í tẹ̀ lé ènìyàn jáde ní ìlú. Ẹni tó bá sì ti kó wálé pátápátá lè rí i pé ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá padà lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ará ilé yóò sọ pé kí ni ti àròyé? Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973 tí náírà dé, ₦2 ni wọ́n fi pààrọ̀ £1 wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980 náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986 ni wọ́n tú u sílẹ̀ fún ọjà, ó sì ń ṣubú. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n tún tú u sílẹ̀, kò pé ọdún kan tí dọ́là kan fi kọjá ₦1,500. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá fi £97.65 lọ́sẹ̀ ṣe ìṣírò ní náírà yóò rò pé ọba ni onítọ̀hún. N kò sọ pé ebi yóò pa á ní Ìlọrà. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó Fìdítì kò ní wọ́n jù fún un. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti òkè òkun wá ń tẹ̀ lé dọ́là, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ń tẹ̀ lé dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀, tó ti bíi ₦190 lítà kan fò sí bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní 2023. Ohun tó sì ń náni jù lọ nílé ni ìṣírò tí àwa fúnra wa ń ṣe sí apò aláàbọ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́, owó òkú, owó ìwúyè. A ń fi iye náírà wọn wọ̀n wọ́n, a kò bi wọ́n pé èló ló kù lẹ́yìn ọ̀gbọ̀n ọdún nínú òtútù.

Gbogbo èyí ni mo kọ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì sọ ti àpótí àti ti kọ́kọ́rọ́ fún un. Mo ní kó má tíì ta ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó kọ́kọ́ wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ́dọ̀ wa, kó fi owó ara rẹ̀ ná ọjà Ìlọrà, kó sì gbọ́ iye tí àwa ará ilé yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé òun ń bọ̀ ní oṣù kejìlá. Ó tún béèrè bóyá páànù ilé bàbá wa àgbà ti ń jò, àti èló ni wọ́n ń ta ìdì kan báyìí.