Ìdí Ìlù Tí Ó Ṣófo: Tony Allen àti Ẹgbẹ́ Fẹlá

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Lẹ́kkí lọ sí Ajah ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kò ní ṣàì gbọ́ ìlù àti fèrè láti inú àwọn ilé-ìgbafẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń lu ìlù náà ni a kò tíì bí ní ọdún 1978. Síbẹ̀, bí ẹsẹ̀ wọn bá ti tẹ ìlù ńlá, tí ọwọ́ ọ̀tún kan àwo idẹ, tí ọwọ́ òsì sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn láàrin, ipa ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ni wọ́n ń tọ̀, ìbáà ṣe pé wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ń lu ìlù fún Fẹlá, ìletò àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun yìí. Yábà, Sùúrùlérè àti Múṣin ni àwọn olórin ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn jà. Tony Ọládiípọ̀ Allen ni orúkọ rẹ̀.

Kí á tó sọ ohun tí ó ya òun àti Fẹlá, ó yẹ kí á rántí bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni aṣáájú. Kẹríkẹrì, gángan, ìṣáájú àti gúdúgúdú ń tẹ̀lé e. Ilé àyàn ni a ti ń bí onílù. Ọmọ tí ó ń gbé ìlù kékeré tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sí òde ni yóò gbé ìyáàlù kọ́ èjìká nígbà tí ọwọ́ baba kò bá yá mọ́. Bí ẹnì kan bá lọ, ẹni tí yóò dí àlàfo rẹ̀ ti wà nínú agbo láti ọjọ́ pípẹ́. Ohùn ìlù kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ilé ni. Ẹgbẹ́ olórin ìgbàlódé kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ni ó kó wọn jọ, orúkọ ẹnì kan ni a sì máa ń kọ gàdàgbà sí ara rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹni tí ó ti pẹ́ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dìde, kì í ṣe àyè ìjókòó nìkan ni ó máa ń ṣófo. Ìbéèrè a máa jẹ yọ nípa ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ ṣe.

Ìlú Èkó ni a ti bí Allen ní ọdún 1940. Kì í ṣe ìdí àyàn ni ó ti kọ́ ìlù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ rédíò nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ara rẹ̀ kọ́ ìlù òyìnbó, ní nǹkan bí ọmọ ọdún 18. Ó ń fi etí sí rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn onílù ilẹ̀ Amẹ́ríkà bí Max Roach àti Art Blakey, ó sì ń wá bí wọ́n ti ṣe é. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ rí nínú ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlù. Igi kéékèèké méjì ni wọ́n fún un pé kí ó máa kàn mọ́ ara wọn. Ìgbà tí onílù ẹgbẹ́ náà lọ ni Allen tó jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹni tí àyè rẹ̀ di ìṣòro fún Fẹlá nígbẹ̀yìn, àyè ẹlòmíràn ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1964 ni Fẹlá, tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó ti London dé, pè é kí ó wá lu ìlù kí òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti wà pọ̀: nínú Koola Lobitos, ní ìrìn-àjò Amẹ́ríkà ti ọdún 1969, títí tí ẹgbẹ́ náà fi di Africa 70. Ọdún 14 kì í ṣe ọjọ́ 14. Gẹ́gẹ́ bí Allen fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ, Fẹlá a máa fi ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe lé e lọ́wọ́: ohun tí afọnfèrè yóò fọn, èyí tí onígìtá yóò ta, èyí tí àwọn obìnrin yóò gbè. Ti onílù nìkan ni kì í bá a ṣe. Allen ni yóò jókòó, tí yóò gbọ́ ohun tí àwọn tí ó kù ń ṣe, tí yóò sì wá ibi tí ìlù yóò gbà wọlé. A gbọ́ pé Fẹlá pàápàá jẹ́wọ́ pé láìsí Allen, Afrobeat kò lè sí. Ẹni tí ó bá mọ Fẹlá mọ̀ pé kì í fi irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ.

Ṣùgbọ́n Allen kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní àkókò tí a nílò rẹ̀. Ní ọdún 1973, Igo Chico tí ó jẹ́ àgbà afọnsasofóònù nínú wọn bá Fẹlá jà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fẹlá kò wá ẹlòmíràn. Fèrè kàkàkí òyìnbó ni ó mọ̀ ọ́n fọn tẹ́lẹ̀, ó sì ń tẹ dùùrù. Kíá ni ó gbé sasofóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù Gentleman sì jáde ní ọdún yẹn kan náà, ohùn sasofóònù tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbọ́. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ní ọdún 1973 náà ni Paul McCartney kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, wá sí Èkó láti gba ohùn sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú ni onílù rẹ̀, Denny Seiwell, àti onígìtá rẹ̀, Henry McCullough, ti kọ̀ pé àwọn kò bá a lọ mọ́. McCartney lu ìlù náà fúnra rẹ̀, Band on the Run sì di ọ̀kan nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tí ó tà jù lọ. Ìgboyà àwọn méjèèjì yẹ fún ìyìn, àmọ́ ó lè ti mú kí Fẹlá rò pé kò sí ẹni tí a kò lè rí ohun fi dípò rẹ̀.

Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní Èkó. Nígbà tí Mike Odùmósù kúrò nínú ẹgbẹ́ BLO tí ó lọ bá Osibisa ní London, Biddy Wright ni ó gba iṣẹ́ rẹ̀, eré sì ń lọ.

Ohun tí ó ń dun Allen pín sí ọ̀nà méjì. Owó ni èkíní: iye tí ó ń gbà kò tó iṣẹ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀, kò sì rí ìpín gidi nínú owó rẹ́kọ́ọ̀dù. Èkejì ni pé Fẹlá nìkan ni ayé ń pè ní ẹlẹ́dàá orin náà. Kí á má purọ́ mọ́ Fẹlá, ó fún Allen láyè. Rẹ́kọ́ọ̀dù Jealousy ti ọdún 1975 àti Progress ti ọdún 1977, orúkọ Allen ni ó wà lára wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Africa 70 ni ó sì bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu tí Fẹlá ń bọ́ kì í ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun dáná sun Kalakuta ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 1977, ilé kò sí mọ́, gbèsè sì pọ̀.

Ní ọdún 1978, wọ́n lọ ṣeré níbi àjọ̀dún orin jáàsì ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀rọ̀ kan tàn láàrin ẹgbẹ́ náà pé owó eré yẹn ni Fẹlá fẹ́ fi du ipò Ààrẹ. Kò sí ohun tí ń tú ẹgbẹ́ ká bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá jẹ ènìyàn lówó. Allen kúrò. Kì í ṣe òun nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn olórin náà ni ó lọ.

Ìtàn kan wà tí ó gbajúmọ̀, pé onílù 4 ni Fẹlá ní láti wá kí ó tó lè rí ohùn tí Allen nìkan ń mú jáde. Ó lè jẹ́ pé àwọn ènìyàn fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ìdí. Ọwọ́ 2 àti ẹsẹ̀ 2 ni Allen ní bí gbogbo ènìyàn, àmọ́ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe yàtọ̀, àfi bí ìgbà tí ìyáàlù, gángan, ìṣáájú àti gúdúgúdú bá pàdé nínú ara ẹnì kan. Fẹlá lè kọ́ sasofóònù. Èyí kọjá ohun tí a ń fi ìkánjú kọ́.

Kò sì wá Allen mìíràn. Ó tún ẹgbẹ́ náà tò, ó sọ ọ́ ní Egypt 80. Lékan Animáṣahun, tí ó ti ń fọn sasofóònù onígbòhùn ńlá fún un láti ìgbà Koola Lobitos, ni ó wá di olórí àwọn olórin. Ẹni tí kò lọ ni ó di òpó. Orin náà yí padà. Ó falẹ̀, ó gùn, fèrè sì wúwo jù ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ Zombie ti ọdún 1976, tí ó sì gbọ́ Teacher Don't Teach Me Nonsense ti ọdún 1986, yóò mọ ìyàtọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ìlù ni ó ń ti gbogbo wọn síwájú. Nínú ti ẹ̀yìn, ìlù ń dúró ti àwọn fèrè. Àwọn kan fẹ́ràn èyí ju ti ìṣáájú lọ, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ta ni ó jẹ̀bi nínú ìjà náà? Òfin tí ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ mọ ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin àti ẹni tí ó ṣe ohùn rẹ̀. Ó ṣòro kí ó tó mọ ẹni tí ó wá bí ìlù yóò ti rìn lábẹ́ wọn. Ní ilé àyàn, kò sí ẹni tí í béèrè, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n ni ín. Fẹlá ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdílé, ó sì ń lo agbára baba lórí wọn, ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó ń tà, ọjà ni. Kò yẹ kí ènìyàn jẹ́ ọmọ nígbà iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ alágbàṣe nígbà ìpín.

Allen gba London lọ, lẹ́yìn náà ó fi Paris ṣe ilé. Ó ṣe N.E.P.A. ní ọdún 1985, ó sì bá àwọn ọ̀dọ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ti dàgbà. Fẹlá kú ní ọdún 1997. Allen kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Igbe ọdún 2020. Nígbà tí wọ́n tún rẹ́kọ́ọ̀dù tí Fẹlá ṣe pẹ̀lú Ginger Baker ní ọdún 1971 gbé jáde ní ọdún 2001, wọ́n fi nǹkan kan kún un láti inú eré Berlin ti ọdún 1978: Baker àti Allen, ìlù sí ìlù, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Kò sí fèrè níbẹ̀, kò sì sí ohùn Fẹlá.