Koríko àgbàlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìgbà wo ló yẹ kí ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í gé e?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gba ilé tí ó ní àgbàlá koríko, tí wọn yóò sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láì ka ibi tí ó ti sọ pé ayálégbé ni yóò máa tọ́jú ọgbà náà. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọ̀rọ̀ náà kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí òtútù ti mú kí koríko dúró lójú kan. Nígbà tí oṣù Kẹta bá dé, ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, koríko yóò sì jí. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn lè ba koríko náà jẹ́ fún gbogbo ọdún, ó sì lè pàdánù nínú owó ìdógò tí ó san fún onílé.

Koríko ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà

Koríko tí a ń gbìn síwájú ilé ní Abuja tàbí Èkó fẹ́ràn ooru. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀: ìgbà ọ̀yẹ́ ni ó máa ń gbẹ, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀ ni ó máa ń sọjí. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ryegrass àti fescue wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, jẹ́ koríko ilẹ̀ tútù. Nígbà tí ilẹ̀ bá móoru tó nǹkan bí ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ooru àárín ọdún ni ó sì máa ń sọ ọ́ di pípọ́n.

Nítorí náà, ilẹ̀ ni kí ènìyàn wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ẹni tí ó ń gbé ní gúúsù lè gé tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, nígbà tí ẹni tí ó wà ní Scotland yóò ṣì máa dúró de oṣù Kẹrin.

Gígé àkọ́kọ́

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wáyé. Nílé, a máa ń gé koríko mọ́lẹ̀ pátápátá nítorí ejò, ọ̀pọ̀ sì ń gbé àṣà náà lọ sókè òkun. Ewé ni koríko fi ń ṣe oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá gé gbogbo rẹ̀ kúrò nígbà tí gbòǹgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, kò ní agbára láti padà hù dáadáa, àwọn èpò yóò sì gba ipò rẹ̀. Ìlànà tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń tẹ̀ lé ni pé kí á má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí koríko bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 9, kí á dá a dúró sí 6. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a lè gé e sí 4.

Kí ilẹ̀ gbẹ kí á tó gbé ẹ̀rọ jáde. Bí ìrì dídì bá wà lórí koríko ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí ewé tí ó ti dì yóò ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ojú ẹsẹ̀ náà yóò sì pọ́n síbẹ̀.

Kí á ṣa òkúta, igi àti ohun ìṣeré ọmọdé kúrò nílẹ̀ ṣáájú. Kí á tún wo inú koríko gíga dáadáa, nítorí àsìkò yìí ni àwọn ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan, tí wọ́n jọ òòrẹ̀, máa ń jí láti inú oorun ìgbà òtútù. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni kí á wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Bí ẹ̀rọ bá ń lo iná mànàmáná, kí á yọ wáyà rẹ̀ kí ọwọ́ tó kan abẹ rẹ̀ rárá.

Ẹ̀rọ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Edwin Budding, ará agbègbè Stroud ní Gloucestershire, ni ó ṣe é ní ọdún 1830, lẹ́yìn tí ó wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ ojú aṣọ onírun àgùntàn ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ṣáájú ìgbà náà, dòjé gígùn àti ẹnu àgùntàn ni wọ́n fi ń gé koríko, olówó nìkan ni ó sì lè ní pápá tí ó tẹ́jú.

Mọ́ọ̀sì ńkọ́?

Mọ́ọ̀sì ni ewé wẹ́wẹ́ tí ó máa ń bo ara ògiri tí omi ti ń sun sí pẹ́. Ó máa ń gba ojú koríko nígbà òtútù níbi tí òòrùn kò bá dé, tí omi ń dúró sí, tàbí tí ilẹ̀ ti le. Oògùn tí ó ní èròjà irin nínú ni wọ́n sábà máa ń lò, yóò sọ mọ́ọ̀sì di dúdú, a ó sì fi réèkì hú u kúrò. Ẹ ṣọ́ra: bí oògùn yìí bá ta sí orí òkúta àgbàlá tí omi wà lórí rẹ̀, yóò fi àbàwọ́n bí ìpẹtà síbẹ̀, onílé kò sì ní gbójú fò ó.

Oògùn nìkan kò tó. Kí á fi fọ́ọ̀kì ọgbà gún ilẹ̀ náà jìnnà kí omi lè rí ọ̀nà wọlé. Ojú ibi tí ó bá ṣófo, kí á gbin irúgbìn sí i ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ilẹ̀ bá ti móoru sí i. Ìgbà náà ni ajílẹ̀ yẹ pẹ̀lú, kí á sì fọ́n ọn káàkiri déédéé, nítorí ibi tí ó bá pọ̀ sí yóò jóná.

Ọ̀rọ̀ owó ìdógò

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2007 ni òfin ti pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ onílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti fi owó ìdógò sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ìjà bá dé, ètò náà lè dá a láì gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, onílé ni yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé ọgbà bàjẹ́ ju bí ó ti wà ní ọjọ́ tí ayálégbé wọlé lọ. Àwòrán ọjọ́ tí ènìyàn kó wọlé, tí déètì wà lára rẹ̀, ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí onílé kò bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ayálégbé béèrè nínú ìwé ẹni tí yóò pèsè rẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń fi koríko sílẹ̀ láì gé ní oṣù Karùn-ún kí oyin lè rí òdòdó jẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ Plantlife ti ń rọ̀ wọ́n. Ayálégbé tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nílò ìyọ̀ǹda onílé nínú ìwé, kí ó tó di oṣù Karùn-ún.